Àyè Tí A Fi Sílẹ̀ fún Balógun

Òórùn tó máa ń gbé mi padà sí Thamesmead ni ti pápá tí wọ́n fi koríko àtọwọ́dá tẹ́ bíi kápẹ́ẹ̀tì, tí òjò ti ń pa láti àárọ̀: òórùn yanrìn tútù, ti rọ́bà, àti ti ẹrẹ̀ odò Thames tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé wá nígbà tí omi bá ti fà. Bí mo bá ń kọjá lẹ́bàá pápá ilé-ìwé kan lónìí, tí irú òórùn bẹ́ẹ̀ bá kàn mí nímú, ẹsẹ̀ mi á ti dúró kí ọkàn mi tó mọ ohun tó dá a dúró. Ìwọ náà tó ti bá wọn ṣeré nínú ẹgbẹ́ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Orí pápá bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí àwọn tó dà bí ẹbí fún mi ní London. Orí rẹ̀ náà ni wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí ti bá wa, ní àwọn ọdún tí wọ́n ń wó ilé àtijọ́ ní Tavy Bridge láti kọ́ tuntun, tí eruku símẹ́ńtì kì í tán lára gíláàsì bọ́ọ̀sì.

Ilé-ìwé girama ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ họ́kì. Ilẹ̀ pupa líle ni pápá wa níbẹ̀, bọ́ọ̀lù tó bá ta lu òkúta á sì wá bá èèyàn lójúgun. Nígbà tí mo dé London, tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Thamesmead, mi ò rò pé mo tún máa fọwọ́ kan igi họ́kì mọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló rí àpá tó wà lójúgun mi lọ́jọ́ kan tí mo ká ṣòkòtò sókè láti fọ ilé ìwẹ̀. Ó tẹ̀ba, ó wò ó dáadáa, ó ní, “Bọ́ọ̀lù họ́kì ló ṣe èyí.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Sátidé yìí, wá.” Bó ṣe mú mi wọ ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin nìyẹn.

Òun ni balógun ẹgbẹ́ náà. Àwọn òyìnbó inú wa máa ń pè é ní kápútẹ̀nì, àwa tí a gbọ́ Yorùbá sọ ọ́ di Balógun, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé màmá rẹ̀ pàápàá máa ń fi pè é nígbà mìíràn tó bá fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. London ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn òyìnbó nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tijú láti sọ ọ́. Ó kéré lára, ó máa ń di ìborí dúdú rẹ̀ mọ́rí pinpin kó tó wọ pápá, kì í sì í pariwo. Àárín gbùngbùn ló máa ń wà. Bí àwa yòókù bá gba bọ́ọ̀lù, a máa ń gbá a bí ẹni tó ń lé ejò. Òun á rọra fi igi rẹ̀ tì í, bí ẹni tó ń gbé ife tíì sórí tábìlì níwájú àlejò. Ibi tó bá gbé e sí gan-an ni ẹni tó fẹ́ lò ó máa bá a.

Gbogbo wa la ní iṣẹ́ tí à ń ṣe. Olùtọ́jú aláìsàn wà nínú wa, àwọn tó ń tún ọ́fíìsì ṣe wà níbẹ̀, aṣọ́lé wa, ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n, sì ń wa bọ́ọ̀sì. Ọmọ Ìbàdàn bíi tèmi ni aṣọ́lé yìí, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, obìnrin gàgàrà tó jẹ́ pé bó bá dúró síwájú àwọ̀n, àwọ̀n náà á kéré lójú èèyàn. Kóòṣì wa jẹ́ òyìnbó àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ó máa ń wọ ẹ̀wù òjò rọ́bà aláwọ̀ ewé, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, a ti ń wà lókè tábìlì, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì ti ń bẹ̀rù àtiwá bá wa ní Thamesmead.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. A ti ju góòlù kan sínú àwọ̀n wọn. Balógun gba bọ́ọ̀lù láàárín, ó fẹ́ yí sí òsì, ara rẹ̀ yí ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún kò bá a yí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi tútù lórí orúnkún. Kò kígbe. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ tálẹ̀ bí ẹni tó ń wá yẹtí tó já bọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, “Mi ò lè dìde.”

Aṣọ́lé sáré dé pẹ̀lú páàdì nípọn tó máa ń so mọ́ ẹsẹ̀, ó tú ọ̀kan, ó fi ṣe ìrọ̀rí fún Balógun. Òjò ń fín sí wa lára. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú áńbúláǹsì tán, rẹfirí bi wá bóyá a ṣì fẹ́ máa bá eré lọ. Aṣọ́lé ní ká parí rẹ̀, pé bó ṣe máa fẹ́ kó rí nìyẹn. A parí rẹ̀. Bí o bá bi mí lónìí ta ló gbá góòlù tó dọ́gba fún wọn, mi ò lè sọ ọ́.

Iṣan ńlá inú orúnkún ló já. Wọ́n ní wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà ó máa tó ọdún kan kó tó lè sáré, ìyẹn bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa. Ọjọ́ tí a gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, inú yàrá ìmúra la wà. Aṣọ́lé mú jẹ́sì Balógun láti inú àpò aṣọ, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó sì fi kọ́ ìkọ́ tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó fi báńdì apá balógun lé e lórí. “Kò sẹ́ni tó máa wọ èyí títí yóò fi padà,” ló wí. “A kì í jogún alààyè.” Gbogbo wa gbà. Omi bọ́ lójú mi. Kóòṣì nìkan ni kò gbójú sókè. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀ tí kò tú.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí dúró dè é nìyẹn. Ẹni tí a mú wọlé dípò rẹ̀, iwájú la fi í sí. A ò fi ẹnikẹ́ni sí àárín ní tòótọ́. Ẹni tó bá ráyè á kàn yà síbẹ̀, á sì tún kúrò kíákíá bí ẹni tó jókòó sórí àga àgbàlagbà. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ọwọ́ wa kò mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ìdààmú bá dé, ẹni tó ní bọ́ọ̀lù á tì í sí ibi tí Balógun ì bá wà, bọ́ọ̀lù náà á sì máa yí lọ láìsí ẹni tó máa gbà á, títí àwọn ọ̀tá á fi gbé e. Wọ́n nà wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún nà wá. Títí ọdún fi yí, a ò rí ju ọ̀mì kan tàbí méjì lọ.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, bó ti wù kí eré náà lọ, ẹnìkan á ya fọ́tò jẹ́sì lórí ìkọ́, á fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù wa lórí fóònù. “Balógun, a ń dúró dè ọ́.” Gbogbo wa á sì tẹ̀lé e, ẹlòmíràn á fi àdúrà sí i. Òun náà á dáhùn. “Mò ń bọ̀.” Ohun tó máa ń kọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú wa á dùn. A gbà pé ìfẹ́ tí à ń fi hàn án nìyẹn, ìfẹ́ ni lóòótọ́, mi ò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́.

Morris Walk ni òun àti màmá rẹ̀ ń gbé nígbà náà, ní àjà òkè, nígbà tí káńsù ti ń kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀kùn púpọ̀ ni wọ́n ti fi irin pa. Ìró ẹsẹ̀ èèyàn máa ń dún lọ títí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́, mo máa ń yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo máa ń bá a lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ẹsẹ̀ lórí àpótí, tí yóò máa bi mí léèrè bí a ṣe ṣeré: ta ló wà lápá òsì, ta ló gbá kọ́nà, kí ló dé tí a jẹ́ kí wọ́n gba àárín kọjá. Lọ́jọ́ kan mo fọwọ́ kan orúnkún náà. Ó wú, ó sì gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Iṣẹ́ abẹ ti pẹ́ tó pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo wò ó. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ̀ jù mí lọ. Ó fa aṣọ bò ó. “Ó kàn wú díẹ̀ ni,” ó ní. “Má sọ fún Mọ́mì.”

Mọ́mì ti mọ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù irun kékeré kan nítòsí Powis Street, wọ́n máa ń di irun fún mi níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo jókòó sórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ wọn, fáànù gbígbóná ń fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀, òórùn jẹ́lì irun àti irun tí wọ́n ń fi iná jó nídìí kún ibẹ̀. Kò sí oníbàárà mìíràn. Wọ́n ti di irun náà dé àárín orí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ yìí fẹ́ràn ọmọ mi. Mo mọ̀.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, Mọ́mì.”

“Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀.” Ọwọ́ wọn dúró lórí mi. “Gbogbo Sátidé tí fóònù yẹn bá ti dún, ó máa ń dìde. Á ní òun ń lọ gba afẹ́fẹ́. Àtẹ̀gùn ló ń lọ gùn. Á gùn ún, á sọ̀, á gùn ún, á sọ̀, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo tẹ̀lé e lọ́jọ́ kan, mo bá a tó jókòó sí àjà kejì tó ń fi ìborí nu ojú. Mo ní kí ló dé. Ó ní wọ́n ti fi jẹ́sì òun kọ́ síbẹ̀, àwọn èèyàn ń ṣubú nítorí òun, òun ò lè jẹ́ kó pẹ́.” Wọ́n tún fi kóòmù pín irun kan. “Dókítà ti ní kó má ṣe é. Wọ́n ní ohun tí àwọn so ti ń tú. Kò lè sọ fún yín. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi.”

Mi ò lè yíjú padà nítorí pé irun mi wà lọ́wọ́ wọn. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan ibẹ̀ láti sọ ọ́. Mo ń wo ojú mi nínú dígí títí wọ́n fi di irun náà tán.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé yàrá ìmúra. Mo sọ ohun tí màmá rẹ̀ wí, mo sì ní ó yẹ ká gbé jẹ́sì yẹn kúrò níbẹ̀, ká fi ẹnìkan sí àárín, ká yan balógun mìíràn, ká sì jẹ́ kó mọ̀ pé a ti ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ́lé ń so páàdì mọ́ ẹsẹ̀. Ó gbójú sókè.

“Ta ni kóòṣì ní kó lọ sí àárín láti bí oṣù mélòó kan?” ó bi mí.

Òótọ́ ni. Kóòṣì ti bẹ̀ mí, mo sì ti kọ̀. Gbogbo wọn mọ̀.

“Èmi ni. Mo kọ̀.”

“O kọ̀ nígbà yẹn. Ní báyìí tí ara rẹ̀ ò yá, o ti wá gbà.”

Ẹ̀gún ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ lára mi fún ìgbà pípẹ́. Mo wo àwọn yòókù, olúkúlùkù ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọmọ Ghana kan tó máa ń wà níwájú ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Ó ní bàbá òun ṣàìsàn pẹ́, pé lójoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń sọ fún un pé kó tètè dìde, pé ilé ò gún láìsí i. Ó ní nígbà tó yá, bàbá náà máa ń ṣe bí ẹni tó ń sùn bí àlejò bá wọlé. Kóòṣì dìde, ó lọ síbi ìkọ́, ó mú jẹ́sì náà, ó ká a bí ẹni tó ń ká aṣọ ọmọ ìkókó, ó sì kó o sínú àpò. Ó béèrè ta ló máa lọ sọ fún un. Aṣọ́lé ní kì í ṣe òun.

Èmi ni mo lọ. Oòrùn ọ̀sán kan tí kò lágbára wọ inú fúláàtì náà lọ́jọ́ yẹn, ó tàn sára ọ̀pá méjì tí wọ́n fún un ní ọsibítù, tó gbé ti ògiri. Mo sọ ọ́ tààrà, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kórìíra kí èèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po. Ó gbọ́ ọ tán.

“Ta ló máa wà láàárín?”

“Èmi.”

“Ta ló máa so báńdì?”

“Èmi náà ni wọ́n ní kó so ó.”

Ó yíjú sí fèrèsé. “Èmi ló mú ẹ wá síbẹ̀,” ó wí. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “Máa lọ.” Mọ́mì ló mú kóòtù mi fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fọwọ́ bà mí léjìká. Kí n tó dé ibùdókọ̀, Balógun ti kúrò lórí gúrúùpù.

Oṣù tó tẹ̀lé ìyẹn burú fún mi. Mo fẹ́ máa rọra ti bọ́ọ̀lù bíi tirẹ̀, mi ò sì lè ṣe é. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ni mí látilẹ̀, igbe ni mo mọ̀ ọ́n ké. Kóòṣì wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kí n yéé wá ọwọ́ ẹlòmíràn, kí n lo ti ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ké. Mo ń pín àwọn èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ pápá, bọ́ọ̀lù wa wá ń gba etí pápá lọ dípò àárín. Kò lẹ́wà bíi ti Balógun, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ìgbà yẹn náà ni a tó mọ iye nǹkan tó ń ṣe tí ẹnìkankan ò rí. Òun ló máa ń pe àwọn onítìjú láàárọ̀ Sátidé kí wọ́n má bàa sọ pé ó rẹ̀ wọ́n. Òun ló máa ń jókòó ti ẹni tí kóòṣì bá yọ. A ò yan ẹnikẹ́ni sí ìyẹn, a kàn ń bá a pàdé bó ṣe ń já bọ́, ẹni tó bá wà nítòsí á gbé e. Aṣọ́lé kò bá mi sọ̀rọ̀ ju ti eré lọ. Ọjọ́ kan tí a jẹ, tí ẹsẹ̀ mi ń ro mí, ó kàn gba àpò mi lọ́wọ́ mi, ó gbé e títí dé ibùdókọ̀. Kò tọrọ àforíjì, èmi náà ò sì béèrè fún un.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ó yọrí sí ayọ̀. A ti ṣubú jù kí a tó jí. Ìparí ọdún eré, wọ́n já wa sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀. Wọ́n sì tún orúnkún Balógun là lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ohun tí wọ́n so tẹ́lẹ̀ ti tú pátápátá. Mọ́mì ló sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fi kún un pé kò tíì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni.

Ó tó ọdún kan kí fóònù mi tó dún. Káńsù ti kó wọn kúrò ní Morris Walk nígbà náà, wọ́n ti fún wọn ní fúláàtì tuntun ní Tavy Bridge, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi. Ohùn Balógun ni mo gbọ́. “Mo wà nísàlẹ̀ ilé yín. Wọ́n ní kí n máa rìn. Wá bá mi rìn.”

A rìn yí adágún omi ká, jẹ́jẹ́. Kò lo ọ̀pá mọ́, ṣùgbọ́n ó ń wo ilẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń tẹ̀lé wa nítorí wọ́n rò pé a ní búrẹ́dì. A ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́, a ti sọ̀rọ̀ àwọn arúgbó tó ti kú nígbà tí kò sí níbẹ̀, kó tó dé orí rẹ̀.

“Ọjọ́ tí o wá yẹn, mo bú ẹ títí ó fi sú Mọ́mì. Mo pè ẹ́ ní olè.” Ó yà fún pẹ́pẹ́yẹ kan. “Lẹ́yìn náà mo sùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù mo ń bínú sí ẹ, mo sì ń sùn. Àwọn méjèèjì ni mò ń ṣe pọ̀.”

Ó ní bí gbogbo ìfiránṣẹ́ yẹn ṣe rí létí òun ni bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí kò sì fẹ́ lọ. Ó ní òun mọ̀ pé a fẹ́ràn òun, pé ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí òun lè sọ pé ó tó. Ó wá dúró, ó di irin ẹ̀bá omi mú, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá: “Mi ò ní gbá họ́kì mọ́. Wọ́n ti sọ fún mi.”

Ọ̀rọ̀ kan ti dé ẹnu mi. O mọ ọ̀rọ̀ náà. Má sọ bẹ́ẹ̀, wàá padà, a ó dúró dè ọ́. Mo gbé e mì. Mo ní, “Ó dùn mí.” Ó mi orí, a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

Ọ̀rẹ́ la ṣì jẹ́ títí dòní, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti àkọ́kọ́. Nǹkan kan bọ́ láàárín wa nínú fúláàtì Morris Walk yẹn tí a ò wá mọ́, bóyá nítorí pé àwa méjèèjì mọ̀ pé bí mo bá tún bára mi níbẹ̀, ohun kan náà ni mo máa sọ. Níbi iṣẹ́ mi, mo máa ń gbọ́ tí àwọn ẹbí á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àgbàlagbà kan, tí wọ́n á ní, “Dádì, yàrá yín ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, a ń dúró dè yín o.” Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Mo máa ń wo ojú bàbá náà nígbà tí wọ́n bá ti lọ. Mo máa ń fa àga mi sún mọ́ ọn, mo máa ń tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe, mo sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ohun tó wà níwájú wa nínú yàrá yẹn lónìí, oúnjẹ, ojú ọjọ́, ẹni tó ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà náà ni òmíràn nínú wọn máa ń mí kanlẹ̀, tí èjìká rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ọwọ́ Balógun ni mo ti kọ́ ọ, kò sì dá mi lójú pé mo lè san án fún un láéláé: pé èèyàn lè fẹ́ràn ẹni débi pé yóò gba ẹrù àtipadà kúrò lórí rẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ máa pè é ní olè.